Bí iná ẹ̀yìn káráfáànù bá ń ṣe ségesège, ẹ má tíì lọ ra bọ́ọ̀bù

Ẹ so káráfáànù, ìyẹn ilé kékeré onítáyà tí mọ́tò ń fà, mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò tán, ẹ ní kẹ́nì kan dúró lẹ́yìn bá yín wò ó, ẹ tẹ búréèkì, ẹni yẹn ní tráfíkétọ̀ ló tàn. Ẹ ju tráfíkétọ̀ òsì, gbogbo iná ẹ̀yìn pátá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú bàìbàì bí ẹni tóorun ń kùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni ká sáré lọ ra bọ́ọ̀bù, bọ́ọ̀bù ò yanjú ẹ̀, a tún ra odidi iná ẹ̀yìn, ìyẹn náà ò yanjú ẹ̀, ìgbà tówó bá ti tán lọ́wọ́ la tó máa rí i pé wáyà funfun kan báyìí ló ti dógùn-ún. Mo ti ṣe é rí. Mo tú iná méjèèjì palẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán, kò sóhun tó ṣe wọ́n, inú pílọ́ọ̀gì iwájú ni gbogbo ẹjọ́ wà. Látìgbà yẹn ọwọ́ mi kì í kan bọ́ọ̀bù àfi tí mo bá ti mọ ibi tí iná ti ń sọnù. Bí iná yẹn ṣe ń ṣe wèrè gan-an ló máa sọ ibi tẹ́ ẹ máa wò, ẹ ṣáà fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó ń wí.

Irinṣẹ́ ò pọ̀. Ẹ wá tẹ́sítà oníbọ́ọ̀bù, ìyẹn èyí tó ní ẹnu ṣóńṣó pẹ̀lú wáyà tó ní ohun ìfigbámú nídìí, ẹ wá mítà, sukudiráfà, ọ̀bẹ kékeré, sáńpépà tó kúná, sípíréè tí wọ́n fi ń fọ ojú iná, púláyà, àti wáyà gígùn kan tó lè ti iwájú mọ́tò dé ẹ̀yìn káráfáànù. Ẹ fi èyí tó gùn yẹn sọ́kàn, òun ló máa bá wa ṣiṣẹ́ tó pọ̀ jù. Tí kò bá sẹ́ni tó máa bá yín tẹ búréèkì, ẹ fi igi há àárín ìjókòó àti pẹ́dàlì.

Ká tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ fa hándíbúréèkì mọ́tò àti ti káráfáànù, ẹ fi igi tàbí òkúta dí táyà. Tí káráfáànù bá wà lórí iná ilé, ẹ yọ wáyà ìyẹn kúrò pátápátá, torí nínú àpótí tẹ́ ẹ fẹ́ ṣí, iná ilé lè wà nítòsí iná bátìrì, ìyẹn ò sì mọ eré.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ wáyà tẹ́ ẹ ń bá jà. Nínú ètò tí wọ́n ń lò nílẹ̀ Yúróòpù, yálà pílọ́ọ̀gì onípìnnì 7 dúdú ni o tàbí onípìnnì 13, nọ́ńbà 1 dé 7 jọra: 1 ni tráfíkétọ̀ òsì, wáyà yẹ́lò, 2 ni iná kùrukùru ẹ̀yìn, búlúù, 3 ni ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, funfun, 4 ni tráfíkétọ̀ ọ̀tún, gíríìnì, 5 ni iná kékeré ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, búráùn, 6 ni búréèkì, pupa, 7 ni iná kékeré ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì, dúdú. Onípìnnì 13 wá fi iná rìfáàsì sí 8, àwọn tó kù sì jẹ́ ti bátìrì inú káráfáànù àti fíríìjì pẹ̀lú ẹ́ẹ̀tì tiwọn. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ o. Nínú onípìnnì 4 pẹlẹbẹ tiwọn, funfun ni ẹ́ẹ̀tì, búráùn ni iná kékeré ẹ̀yìn, yẹ́lò ni òsì, gíríìnì ni ọ̀tún, búréèkì àti tráfíkétọ̀ sì jọ ń lo wáyà kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí náà búréèkì tó kọ̀ láti tàn lápá òsì tí tráfíkétọ̀ òsì náà sì kú, àìsàn kan ni, kì í ṣe méjì. Àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà jù, pàápàá tí ẹlòmíì bá ti tún un ṣe rí, torí wáyà tó bá wà lọ́wọ́ làwọn míì máa ń lò. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ wò, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní sára rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pìnnì kọ̀ọ̀kan, tíná tọ́ọ̀ṣì bá kàn án ẹ máa rí i. Tẹ́ ẹ bá ń wò ó látẹ̀yìn, òsì á di ọ̀tún, èyí ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú.

Ó yá, ẹ tan iná kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí sílẹ̀. Ẹ má fi sórí, ẹ kọ ọ́. Tó bá jẹ́ iná kan ṣoṣo ló kú, tí ìkejì ẹ̀ lápá kejì ń tàn, bọ́ọ̀bù tàbí ilé bọ́ọ̀bù yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, àmọ́ tó bá jẹ́ tráfíkétọ̀, ó tún lè jẹ́ wáyà tiẹ̀, pìnnì 1 tàbí 4. Tó bá jẹ́ búréèkì méjèèjì ló kú lẹ́ẹ̀kan náà tí gbogbo nǹkan yòókù dáa, kò dájú pé bọ́ọ̀bù méjì á kú lọ́jọ́ kan náà, wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé iná lọ fún méjèèjì nínú ètò Yúróòpù, torí náà ẹ wo pìnnì 6 tàbí fíùsì mọ́tò. Tó bá jẹ́ gbogbo iná kékeré lápá kan pẹ̀lú iná nọ́ńbà lápá yẹn ló kú, pìnnì 7 tàbí 5. Tí gbogbo ẹ̀ bá kú pátápátá, ó lè jẹ́ pílọ́ọ̀gì ni kò wọlé dáadáa tàbí pé ẹ́ẹ̀tì já. Tí iná bá wá ń ṣe ohun tẹ́ ẹ ò ní kó ṣe, bíi búréèkì tó ń tan tráfíkétọ̀, tàbí kí iná máa tàn bàìbàì, tàbí kó jẹ́ pé iná kan dáa lóun nìkan àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti tan ìkejì mọ́ ọn gbogbo ẹ̀ á dojú rú, ẹ́ẹ̀tì ló máa ń jẹ́ jù, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá tàn tó tún kú nígbà tẹ́ ẹ bá wọ kòtò ojú títì, ìyẹn làwọn rẹwáyà ń pè ní páṣà, wáyà kan ti já nínú ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ṣì ń kan ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn èyí, ohun tó kàn ni kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá mọ́tò ló ń ṣẹ̀ tàbí káráfáànù. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì kúrò. Ẹ fi ohun ìfigbámú tẹ́sítà mú pìnnì 3 nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́tò, kó jẹ́ pìnnì 3 o, kì í ṣe irin ara mọ́tò, torí tẹ́ ẹ bá lo ara mọ́tò, ẹ ò ní mọ̀ tí ẹ́ẹ̀tì sọ́kẹ́ẹ̀tì bá já. Kẹ́ ẹ wá máa fi ẹnu ṣóńṣó tẹ́sítà kan pìnnì yòókù bẹ́ ẹ ṣe ń tan iná kọ̀ọ̀kan nínú mọ́tò. Tí gbogbo ẹ̀ bá tàn kedere, mọ́tò ò jẹ̀bi. Tí kò bá sí èyí tó tàn, ẹ wá gbé ohun ìfigbámú yẹn lọ sára mọ́tò, tó bá tàn, ẹ́ẹ̀tì sọ́kẹ́ẹ̀tì ti já, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọ̀kan péré ni ò tàn, fíùsì tàbí wáyà tó lọ sẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì ni.

Ti káráfáànù fúnra ẹ̀, mo fẹ́ràn láti fi bátìrì dán an wò láìsí mọ́tò rárá. Ẹ wá bátìrì fólítì 12, ẹ fi fíùsì amp 10 sáàárín wáyà pọ́sítíìfù, ẹ má gbàgbé fíùsì yìí torí tí wáyà bá ti bíríìjì níbì kan, fíùsì ló máa kú, kì í ṣe wáyà ló máa jóná. Ẹ so nẹ́gẹ́tíìfù mọ́ pìnnì 3 pílọ́ọ̀gì káráfáànù, kẹ́ ẹ wá fi pọ́sítíìfù kan 1, 2, 4, 5, 6, 7 lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá kan 1, tráfíkétọ̀ òsì máa tàn gbòò láìṣẹ́jú, ẹ má jẹ́ kíyẹn bà yín lẹ́rù, inú mọ́tò ni ohun tó ń jẹ́ kó ṣẹ́jú wà. Nínú onípìnnì 13, ẹ má kọjá 8. Tí gbogbo iná bá tàn dáadáa báyìí, tó tún wá jẹ́ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́tò náà dáa pẹ̀lú tẹ́sítà, a jẹ́ pé ibi táwọn méjèèjì ti ń pàdé ni wàhálà wà, ìyẹn ojú pìnnì.

Ojú pìnnì yìí ni mo ti máa ń rí i jù. Ibẹ̀ ni òjò, eruku àti ẹrọ̀fọ̀ ń bá ṣe, ẹ̀yìn mọ́tò ló sì wà nísàlẹ̀ níbi tí táyà ti ń ta omi sí i. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí nǹkan aláwọ̀ ewé tàbí funfun bí ìyẹ̀fun lórí pìnnì, ìdógùn-ún bàbà nìyẹn, kì í jẹ́ kíná kọjá. Ẹ fọ́n sípíréè sí i, ẹ ká sáńpépà sórí igi tín-ín-rín, ẹ fi nu pìnnì títí tó fi máa dán, ẹ tún fọ́n ọn. Àwọn pìnnì kan wà tó là sí méjì lórí, tó bá pẹ́ wọ́n máa ń sún mọ́ra, wọn ò wá ní fún mọ́ ẹnu kejì mọ́, ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ là wọ́n díẹ̀, díẹ̀ báyìí, torí tẹ́ ẹ bá fi agbára ṣe é ó máa kán. Tẹ́ ẹ bá rí i pé rọ́bà yí pìnnì kan ká ti di búráùn tàbí ó ti yọ́, ìyẹn ju ìdọ̀tí lọ, pìnnì yẹn ti ń gbóná nítorí kò fún mọ́ra, ẹ kúkú pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí pílọ́ọ̀gì yẹn. Onípìnnì 13 ní tiẹ̀, ó gbọ́dọ̀ yí dé òpin kó tó tì, tí kò bá yí tán iná kan á tàn, òmíì á kú, ẹ ó sì rò pé wáyà ti já. Àti ohun kékeré tí wọ́n fi ń so onípìnnì 7 pọ̀ mọ́ 13 yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ dán an wò lọ́tọ̀, èmi ò gbẹ́kẹ̀ lé e rárá.

Ẹ tú ìdérí pílọ́ọ̀gì náà wo inú ẹ̀. Ibẹ̀ lẹ máa ti rí ìdè tó tú, wáyà tí wọ́n bó jù, irun wáyà kan tó nà lọ kan pìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ fa wáyà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lẹ́, èyí tó bá yọ lọ́wọ́ yín kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹ rí i pé ohun tó ń di okùn wáyà mú lẹ́nu pílọ́ọ̀gì dì í lóòótọ́, torí láìsí ìyẹn gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fa pílọ́ọ̀gì, ìdè inú lẹ ń fà.

Ẹ́ẹ̀tì wá kàn, ẹ jẹ́ ká dúró lórí ẹ̀ díẹ̀. Gbogbo iná tó bá jáde lára bátìrì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà, wáyà funfun sì ni ọ̀nà yẹn, òun nìkan ló ń ṣe é fún gbogbo iná ẹ̀yìn. Tó bá ti ń dí, ńṣe ló dà bí omi tí wọ́n dí ojú kòtò ẹ̀, omi ò ní dúró, ibòmíì ló máa gbà. Iná tráfíkétọ̀ tí kò rọ́nà lọ máa sẹ́yìn gba inú bọ́ọ̀bù iná kékeré kọjá, kó gba wáyà ìyẹn padà lọ sínú mọ́tò, ìdí nìyẹn tí iná tẹ́ ẹ ò tàn fi ń tàn. Ìdí nìyẹn náà tó fi jẹ́ pé iná kan ṣoṣo lè tàn dáadáa, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tan púpọ̀ pọ̀ gbogbo ẹ̀ á rẹ̀ sílẹ̀, nítorí bọ́ọ̀bù búréèkì kan tó jẹ́ wọ́ọ̀tì 21 ń fa bíi amp 1.75, ẹ wá ṣírò méjì pẹ̀lú tráfíkétọ̀ àtàwọn iná kékeré, ẹ máa rí ẹrù tó wà lọ́rùn wáyà kan.

Ibí yìí ni mítà ti máa ń tan èèyàn jẹ. Wáyà tó ti já tó ku irun kan péré, mítà máa sọ pé fólítì 12 pé síbẹ̀, torí mítà kì í fa nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá gbé bọ́ọ̀bù sí i, fólítì yẹn á wó lulẹ̀. Torí náà ẹ jẹ́ kí iná máa tàn nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọ̀n ọ́n. Ẹ so káráfáànù mọ́ mọ́tò, ẹ tan iná kékeré, kẹ́nì kan tẹ búréèkì, ẹ wá mú wáyà gígùn tí mo ní kẹ́ ẹ wá yẹn, ẹ so ẹnu kan mọ́ orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì mọ́tò, ẹnu kejì sí mítà, kẹ́ ẹ wá fi ẹnu mítà kejì kan ẹ́ẹ̀tì ní ilé bọ́ọ̀bù lẹ́yìn. Nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ rí ò ju ìdá díẹ̀ fólítì lọ. Tó bá ti kọjá 0.5, ẹ́ẹ̀tì yẹn ò dáa. Ẹ wá máa bọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n nínú àpótí ìsopọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n nínú pílọ́ọ̀gì, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Ibi tí nọ́ńbà yẹn bá ti já wálẹ̀ lójijì, àárín ibẹ̀ àti ibi tẹ́ ẹ wọ̀n kẹ́yìn ni àìsàn wà. Tẹ́ ò bá lè ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ kàn fi wáyà gígùn yẹn so ẹ́ẹ̀tì iná ẹ̀yìn tààrà mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, tí gbogbo ẹ̀ bá tò lójú ẹsẹ̀, ẹ ti mú olè náà.

Ẹ má ní ẹ fẹ́ fi irin ṣáásì káráfáànù ṣe ẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ lè rọ́nà àbùjá o. Ara káráfáànù púpọ̀ jẹ́ igi àti páànù alumíníọ́mù tàbí rọ́bà líle, wáyà ni wọ́n fi ń bá iná kọ̀ọ̀kan lọ, orí bọ́ọ̀lù tí mọ́tò fi ń fà á sì kún fún gíríìsì. Ó lè tàn lónìí, kó kú lọ́la.

Tí pílọ́ọ̀gì àti ẹ́ẹ̀tì bá dáa, ẹ wo okùn wáyà tó wà láàárín mọ́tò àti káráfáànù. Ẹ tan iná tó ń ṣe páṣà, ẹ di okùn yẹn mú, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìdí pílọ́ọ̀gì lọ, kẹ́nì kan máa wo ẹ̀yìn. Ibi tíná bá ti ṣẹ́jú lẹ́ ẹ máa gé. Ìdí pílọ́ọ̀gì gan-an ló máa ń já jù, torí ibẹ̀ ló ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà, tàbí ibi tí okùn ti ń wọ́ nílẹ̀. Tí gbogbo okùn bá ti le, tí inú wáyà bá ti dúdú dípò kó pupa bíi bàbà, ẹ má lẹ̀ ẹ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ látòkèdélẹ̀, kẹ́ ẹ sì ra èyí tí wáyà ẹ́ẹ̀tì ẹ̀ nípọn ju ti iná yòókù lọ, mm² 2.5 dáa fún ẹ́ẹ̀tì, mm² 1.5 fún ti iná.

Àpótí ìsopọ̀ máa ń wà níwájú káráfáànù lọ́pọ̀ ìgbà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù iwájú tàbí lábẹ́ ìjókòó. Ẹ ṣí i, ẹ wo bóyá omi ti wọ ibẹ̀, ẹ di gbogbo ìdè ẹ̀. Ó tán.

Nídìí iná fúnra ẹ̀, ẹ yọ ìdérí, ẹ da omi tó bá wà nínú ẹ̀ nù, ẹ fi sáńpépà pa irin tí bọ́ọ̀bù jókòó lé. Bọ́ọ̀bù olókùn méjì tó ń ṣe búréèkì àti iná kékeré pọ̀, èyí tí wọ́n kọ 21/5 sí, ẹ wò ó dáadáa: etí ẹ̀ méjèèjì ò dọ́gba, ọ̀kan ga ju ìkejì lọ, wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ má bàa fi í sódì ni, àmọ́ àwọn kan ń fi agbára tì í wọlé, búréèkì á wá di iná kékeré, iná kékeré á di búréèkì. Nígbà míì, okùn kan nínú ẹ̀ á já lọ kan ìkejì, ìyẹn náà máa fa iná wèrè, ẹ máa rò pé ẹ́ẹ̀tì ni, torí náà ẹ gbé bọ́ọ̀bù sókè kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀ kó tó di pé ẹ dá a padà.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ibi tó já, ẹ tún un ṣe dáadáa. Ká lọ́ wáyà mọ́ra ká wá fi téèpù wé e, òjò kan ló máa bà á jẹ́, omi á gba inú téèpù wọlé, á wá dógùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ lo ìsopọ̀ tí wọ́n ń fi púláyà tẹ̀, èyí tó ní rọ́bà tó ń sún kì tí ooru bá kàn án tó sì ní gọ́ọ̀mù nínú. Àwọn kan ń fi lẹ́ẹ̀dì jó o, ó dáa, àmọ́ wáyà tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó máa ń le nídìí, níbi tí nǹkan ti ń gbọ̀n ó lè kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ẹ di í mọ́ nǹkan kó má jì. Tẹ́ ẹ bá ń da gíríìsì sójú pìnnì, ẹ fi díẹ̀ pa á, ẹ má kún un.

Mọ́tò ayé òde òní tó ní kọ̀ǹpútà ní ìwà tiẹ̀. Àwọn kan ò ní fi iná ránṣẹ́ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì àfi tí wọ́n bá mọ̀ pé nǹkan wà lẹ́yìn, wọ́n á fi iná díẹ̀ tọ́ bọ́ọ̀bù wò, tẹ́sítà oní-LED kékeré, ìyẹn irú iná tí kò ní okùn bíi ti bọ́ọ̀bù tí kì í sì í fa iná púpọ̀, kò wúwo tó, ẹ máa rò pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ti kú bẹ́ẹ̀ kò kú. Bọ́ọ̀bù wọ́ọ̀tì 21 ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Tí iná káráfáànù yín bá jẹ́ LED, mọ́tò lè máa pariwo pé bọ́ọ̀bù ti jó, tàbí kí iná ẹ̀yìn máa ṣẹ́jú fìrìfìrì nígbà tẹ́ ò tan nǹkan kan, ìyẹn ni mọ́tò ń tọ́ ọ wò, kì í ṣe pé wáyà já. Ohun kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ọn kí mọ́tò lè rò pé bọ́ọ̀bù lásán ni, ó máa ń gbóná gan-an, orí irin ni kẹ́ ẹ dè é mọ́, kì í ṣe orí rọ́bà. Ẹ má sì gé wáyà iná ẹ̀yìn irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ wá so ti káráfáànù mọ́ ọn ní tààrà, kọ̀ǹpútà ẹ̀ lè bàjẹ́, ríléè tàbí módúlù tí wọ́n ṣe fún un ni kẹ́ ẹ gbà kọjá.

Tí gbogbo ẹ̀ bá ti ń tàn, ẹ tan iná kékeré, búréèkì, tráfíkétọ̀ àti kùrukùru pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í tú àṣírí ẹ́ẹ̀tì. Ẹ so okùn wáyà sókè kó má wọ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ dá a sílẹ̀ díẹ̀ kó lè tó nígbà tẹ́ ẹ bá ń yí kọ́nà. Tẹ́ ẹ bá ti rìn tó bíi kìlómítà 10, ẹ dúró níbi tó dáa, ẹ fọwọ́ kan pílọ́ọ̀gì. Tó bá gbóná lọ́wọ́ yín, ẹ tún un tú, pìnnì kan ò tíì fún mọ́ra níbẹ̀.